Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Gba Àtẹ̀gùn Wa

                                        Yàrá Kẹsàn-án, Òkè Kẹta,
                                        Òpópónà Ilé-Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́, Pẹ́ńsùlù-létí,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ tí o ní wọn kì í jẹ́ kí o sùn lọ́sàn-án ńkọ́? Orúnkún rẹ ọ̀tún, èyí tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí ojú ọ̀run tó mọ̀, ṣé ó ti fara balẹ̀? Èmi náà wà. Àyà mi ṣì ń já bíi ti àtijọ́: bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, kí n tó ṣí i, mo ti ro nǹkan burúkú mẹ́ta.

Jọ̀wọ́, bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, fi í pamọ́. Má ṣe kà á sókè níbi tí àwọn ará ilé wà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní í ríbi wọ̀.

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ti bímọ, ọmọ náà sì ti pé oṣù mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí kò bá wọlé lọ́la, ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń wọlé lóṣù. Ọmọ náà kọ ìgò pátápátá, ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Èmi ni mo wá fi ẹnu ara mi sọ pé n ó máa gbé e lọ bá a lọ́sàn-án, kí ó lè fún un lọ́mú nígbà ìsinmi.

Ọmọ mi bi mí pé, "Bàbá, ọ̀já ni kí n fi sílẹ̀ fún yín, àbí kí a wá kẹ̀kẹ́ ọmọ?" Mo ní kẹ̀kẹ́ ni, pé ẹ̀yìn mi kì í ṣe ẹ̀yìn àná mọ́. Ẹ̀yìn kọ́, ọ̀rẹ́ mi. Obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Rédíò, ni mò ń sá fún. Bí Rédíò bá rí arúgbó ọkùnrin tó pọnmọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé ìparí òpópónà.

Mo ra kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ti ń rìn. Ó ní ìbòrí, ó ní bẹ́líìtì, ó sì ní ìwé ìtọ́nisọ́nà. O mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní ìwé. Ara bébà tí wọ́n fi ń di ìṣó ni mo ti mọ ábídí. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọn ọmọ láti orí dé gìgísẹ̀, mo wọn ìjókòó. Èmi tí mo fi ogójì ọdún wọn ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, n kò wọn àtẹ̀gùn tèmi.

Lọ́jọ́bọ̀, a há síbi tí àtẹ̀gùn ti yí. Kẹ̀kẹ́ kò lọ iwájú, kò padà sẹ́yìn, ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Rédíò gbójú sókè láti ìsàlẹ̀.

"Bàbá Káfíńtà, ṣé ẹ̀ ń kó kúrò nílé ni?"

Mo ní rárá, mò ń dán kẹ̀kẹ́ wò ni.

"Ẹ kú ìdánwò o. Tí ẹ bá yege, ẹ jẹ́ kí a gbọ́."

Mo wá ṣí àpótí ìyá àwọn ọmọ. Ó di ọdún mẹ́fà tó ti fi ayé sílẹ̀, òórùn káńfọ̀ kò tíì kúrò lára ọ̀já rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Bí mo ṣe dì í mú, mo tún bá ara mi ní ṣọ́ọ̀bù wa àtijọ́. Ṣé o rántí? Àkọ́bí mi kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù, àga ilé-ìwé sì wà nílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ parí. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, mo fi ọ̀já yìí kan náà pọnmọ, mo ń fá pákó. Ìró ìfápákó ló fi ń sùn. Ìwọ lo yọjú lójú fèrèsé. O kò rẹ́rìn-ín. O wá àpò ìṣó kan, o kọ́ ọ sí ojú fèrèsé náà, o sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ. Láti ọjọ́ náà di òní, a kò sọ ọ́ rí.

Kò sí ẹni tí yóò bá mi kọ́ àpò sí gbogbo òpópónà lọ́la. Jẹ́ kí n gbé bírò sílẹ̀ ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tún mú bírò. Lánàá, mo pọnmọ nínú yàrá, mo yọjú lójú fèrèsé, n kò rí Rédíò. Mo sọ àtẹ̀gùn méjìlélógójì kalẹ̀, ọmọ gbóná lẹ́yìn mi bí irin ìlọṣọ. Àfi bí Rédíò ṣe ti ìdí ẹ̀rọ omi yọ pẹ̀lú korobá.

"Bàbá, ẹ dúró."

Mo dúró. Ó gbé korobá kalẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀yìn mi.

"Ìdí ọmọ ti ń yọ̀ bọ́. Ṣé ọmọ lẹ pọ̀n ni, àbí ẹrù pákó? Àbí ẹ ti gbàgbé ni? Ṣebí ẹ pọn àkọ́bí yín nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

"Ta ni ì bá tún sọ fún mi? Ìyá ọmọ ni. Gbogbo àwa tí a jọ ń pọn omi níbí ló sọ fún. Ó ní ọkọ tiwa ń ra aṣọ fún wa. Ọkọ tòun ń bá òun pọnmọ."

Èmi fúnra mi ni mo sọ fún ìyàwó mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má sọ síta. Ọ̀rẹ́ mi, mo dé ilé-iṣẹ́ náà kí aago ìsinmi tó lù. Ọmọ mu ọmú yó.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ilé tìrẹ wà, ọ̀nà yín sì tẹ́jú, nítorí náà n ó fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ. Wọn ẹnu ọ̀nà rẹ kí ó tó dé. Bá mi kí ìyàwó, kí o sì bá mi kí orúnkún náà.

Àpò tí o kọ́ sójú fèrèsé kò bo nǹkan kan, gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Síbẹ̀, mo dúpẹ́ àpò náà. O lè ka lẹ́tà yìí sókè.

Èmi ni, alábàáṣiṣẹ́ rẹ ní yàrá ẹ̀yìn,
Bàbá Káfíńtà.