Bẹ́líìtì Bàbá Lórí Yìnyín

Ẹ̀gbọ́n mi Urmas,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Orúnkún Ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀, ọ̀dùnkún wa ò sì tíì tán.

Ní Sátidé, ẹgbẹ́ wa, ti àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́, wa ọkọ̀ gba orí òkun tó ti di yìnyín kọjá sí erékùṣù Hiiumaa. Bàbá ló ń wa ọkọ̀ wa, èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Ẹ rántí òfin tí Bàbá fi máa ń fà wá létí: a kì í de bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ lórí yìnyín, kí èèyàn lè tètè bẹ́ jáde bó bá là. A dé àárín òkun, mo rí i pé wọ́n ti de tiwọn pinpin.

"Bàbá, ẹ tú u!"

"Ṣé o fẹ́ kí ọlọ́pàá mú wa ni?"

"Orí yìnyín la wà!"

Wọ́n wo ìta bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Yìnyín ń ké lábẹ́ wa. Mo na ọwọ́ kọjá, mo tú u fún wọn.

"Má sọ fún Urmas o."

Kì í ṣe agídí, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti ń gbàgbé. Mo bẹ̀ wọ́n fún kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n ní ọwọ́ yín nìkan làwọn máa fi í lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ̀nà yín. Oṣù tó ń bọ̀ lẹgbẹ́ tún máa lọ, Bàbá sì ti ń nu ọkọ̀.

Àbúrò yín,
Leelo