Ọwọ́ Ọ̀tún Àmọ̀kẹ́

Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Mọ̀ǹgáríbì

Inú ṣì ń bí mi. Oṣù kan gbáko la fi kọ́ Àmọ̀kẹ́, ọmọ ọmọ mi, bó ṣe máa fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, torí ọ̀tún ò ṣeé gbé látìgbà tí wọ́n ti bí i. Lónìí tí mo mú un lọ forúkọ sílẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀gá wọn ní kó gbé ọ̀tún náà gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì, bíi ti ayé ijọ́un.

Ọmọ fi òsì kan etí ọ̀tún wẹ́rẹ́.

"Bàbá, òsì kọ́ la ní kó lò."

"Màdáàmù, ẹ na tiyín ká wò ó, bí ẹran apá bá gbà fún yín."

Ló bá lé wa jáde.

Ìyá rẹ̀ ní òun máa lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́la, kí èmi àti ẹnu mi jókòó sílé. Màá jókòó. Àmọ́ ta ló ń fi etí kọ̀wé?