Àpótí Kékeré Tí O Fi Ránṣẹ́

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó àti àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Àlàáfíà la wà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Mo gba àpótí tí o ní yóò mú kí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi jí pépé. Ọ̀rẹ́ mi mẹkáníìkì ní òun á wá bá mi so ó. Mo ní rárá o. Ẹni tó ń jẹun lára ọkọ̀ tó bàjẹ́, ṣé á fẹ́ kí tèmi dára? Èmi fúnra mi ni mo tú ìdérí, tí mo ki ẹnu wáyà bọ ojú ihò rẹ̀, títí iná rẹ̀ fi tàn. O kúkú mọ ìdí tí mo fi ń kánjú: ilé ìwòsàn wà lórí òkè, oyún ìyàwó mi ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ọkọ̀ mi kì í sì í fẹ́ gun òkè yẹn.

Nítorí olè, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń yọ orí bátìrì, tí mo sì ń dá a padà láàárọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí ọkọ̀ bá sáré dáadáa lónìí, bí ilẹ̀ bá fi mọ́, á ti padà sí ìwà àtijọ́. Mo ní ẹnìkan ń fọwọ́ kàn án. Mo tiẹ̀ fura sí ìwọ náà, pé gbàrọ́gùdù lo rà fún mi. Ìgbà tí mo wá rí mẹkáníìkì tó ń yọjú wo ọkọ̀ mi, mo lọ ká a mọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ohun tó sọ kò ju "Ìwọ lo mọ̀" lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìrọbí mú ìyàwó mi. Ìdajì òkè la dé tí ọkọ̀ dákú. Ta ni mo pè? Mẹkáníìkì yẹn náà ni. Ó gbé wa sínú ọkọ̀ tiẹ̀, a sì débẹ̀ lásìkò. Obìnrin ni ọmọ náà, ohùn rẹ̀ sì ròkè.

Bí a ti jókòó níbẹ̀, mo fa ìwé tó bá àpótí wá yọ lápò, pé kó wá wo irọ́ tí wọ́n pa fún mi. Ó kà á dé ẹ̀yìn, ibi tí èmi ò kà dé: "Ẹ má yọ orí bátìrì fún ọjọ́ mẹ́ta, kí kọ̀ǹpútà lè kọ́ bí ẹ ṣe ń wakọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbàgbé." Sípánà tí mo fi ń yọ ọ́ wà lápò mi lọ́hùn-ún. Ojú tì mí, àbúrò mi. Mo bẹ mẹkáníìkì náà lójú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, bí mo ṣe bú u lójú èrò.

Ọlọ́run á dá ẹ sí fún wa. Ìtìjú irú èyí ò ní jẹ́ tìrẹ. Wàá jẹ èrè àwọn ọmọ rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ, baba ọmọ tuntun.

Mo tún rántí: Ọjọ́ kẹrin rèé tí mi ò yọ orí bátìrì. Láàárọ̀ yìí a gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ọkọ̀ sì gun òkè náà wẹ́rẹ́. Mẹkáníìkì ló wà á. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ṣì wà bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì tíì yọjú lójú fèrèsé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.