Ààmì Rẹ Ń Sùn Nílé Onílé

Mubarakah ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó wà pẹ̀lú ìwọ àti Abdulganiyy ọkọ rẹ. Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé òórùn ààtàn Igando yẹn kò dí yín nímú mọ́? Ẹ kò ní rí ogun ọkọ̀, ẹ kò ní rí ogun ẹjọ́. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, orúnkún ló kàn ń dà mí láàmú, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, Alhaji tó ń kọ́ petesì sẹ́yìnkùlé wa sì ti parí ẹ̀, ògiri rẹ̀ ga débi pé mi ò rí oòrùn sá elùbọ́ mọ́. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Ṣé o rántí ohun tí o fi sínú fóònù mi nígbà Iléyá, tí o ní kí n máa fi wo ibi tí o bá wà kí ọkàn mi lè balẹ̀? Ó kọ́kọ́ balẹ̀ lóòótọ́. Tó bá di àárọ̀, màá rí ààmì rẹ lórí àtẹ rẹ ní Ìkòtún, á dúró gbọnyin, màá sì sọ fún ewúrẹ́ pé ọmọ mi ti dé ọjà. Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí o wọlé, ààmì yẹn á fo fẹ́ńsì, ó di ilé Bàbá Tèmítọ́pẹ́, aládùúgbò yín tí ìyàwó rẹ̀ kú yẹn! Mo mọ páànù pupa rẹ̀, ó hàn kedere nínú àwòrán. Mo nu ojú fóònù, mo wọ awò, ibẹ̀ náà ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ọmọ mi ti kọ ọkọ sílẹ̀ láìsọ fún mi.

Ni mo bá sọ fún Táyéwò, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. O mọ̀ ọ́n, kò jẹun tán tó fi dìde. Ó ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé tiwa. Ó kó àgbà méjì lẹ́yìn, wọ́n di iṣu tí wọ́n á fi bẹ àna wa, wọ́n sì gba fóònù mi, kí obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ lè júwe ọ̀nà fún wọn títí dé ìdí ààmì rẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ fà ọ́ jáde nílé ọkùnrin yẹn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ rẹ. Àárọ̀ yìí ni wọ́n gbéra, Ìbàdàn ni wọ́n á sùn, ọ̀la ni wọ́n á wọ Èkó.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni nǹkan kan wá ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí o bá wọlé nìkan ni ààmì yìí ń ṣìnà? Kí ló dé tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba ọjà? Mo gba ọ̀dọ̀ Nùrẹ́nì tó ń tún fóònù ṣe lọ, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn nǹkan kan ń yípo lójú sánmà, wọ́n ń pè wọ́n ní sátẹ́láìtì, wọ́n jìnnà ju ibi tí bàálù ń fò lọ. Ó ní wọ́n ń ké, fóònù ń gbọ́, bí ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe pẹ́ tó kó tó dé ni fóònù fi ń mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Àmọ́ ohùn wọn ti rẹlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, páànù àti kọnkéré a máa dí i, ilé gíga a sì máa dá a padà, ohùn á wá pẹ́ dé, fóònù á ṣi ìṣirò. Mo ní áà, bí òkúta ńlá tó wà lọ́nà oko wa ni, tí èèyàn á pè ọ́ láti apá ọ̀tún tí wàá máa wò ó lápá òsì! Mo bi í pé ṣé àlùjànnú ni wọ́n, ó ní rárá o. Èmi ò rò pé ògiri nìkan ló ń dá wọn dúró. Àwọn ará òkè yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé ni, àgbà kì í já wọ yàrá onílé láìkágò.

Nùrẹ́nì ní kí n wá wò ó. Ó gbé fóònù tirẹ̀ wọ yàrá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ petesì Alhaji, ààmì náà ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì lọ dúró sí ìsọ̀ Báyọ̀dé ẹlẹ́mu. Láìláhà! Èmi Sìdíkátù, tí mi ò fi ahọ́n kan ẹmu rí! Bí Táyéwò bá rí i ńkọ́? Ibẹ̀ ni àánú rẹ ti ṣe mí, ọmọ mi, tí mo sunkún. Yàrá ọkọ rẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alájà mẹ́rin yẹn, ni o wà, tí èmi ń lé ọ kúrò níbẹ̀. Dárí jì mí.

Nọ́ńbà yín wà nínú fóònù tí wọ́n gbé lọ, èmi ò há a sórí; Nùrẹ́nì sì pe fóònù náà títí, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Zikrullah awakọ̀ tó ń kó tòmátì lọ sí Ìkòtún ni mo fi lẹ́tà yìí rán, á débẹ̀ ṣáájú wọn. Jọ̀ọ́, fún wọn lówó ọkọ̀ tí wọ́n á fi padà, kí o sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra òróró orúnkún. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé ọkọ tù ọ́ lára, oókan á di púpọ̀ fún yín, a kò ní gbọ́ aburú rẹ.

Bí o bá ti kà á tán, mú fóònù rẹ, fa ọkọ rẹ lọ́wọ́, kí ẹ jáde sí gbangba, kí ẹ jìnnà sí ilé alájà mẹ́rin tó fara ti tiyín yẹn. Ẹ dúró papọ̀ síbẹ̀ kí ojú ọ̀run rí yín, kí ààmì yẹn lè fi ilé Bàbá Tèmítọ́pẹ́ sílẹ̀ kí Táyéwò tó dé. Ẹ má wọlé o. Bí òjò bá dé, ẹ bo orí, ẹ má bo fóònù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìdíkátù