Ogún Mi fún Ilé Ìkàwé Tí N Kò Ti Kàwé Rí

Èmi, Rayna Dobreva Kutsarova, opó Stamen tó ń tún aago ṣe, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí ń gbé ní ìlú Gorno Virovo ní ilẹ̀ Bulgaria, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Ọpọlọ mi pé. Orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́, kò sì ní ìpín kankan nínú ogún yìí. Tsvetana Bozhkova, olùtọ́jú ilé ìkàwé ìlú wa, ni mo yàn pé kó pín in.

1. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti oko èso mi, mo fi wọ́n fún ọmọ mi kan ṣoṣo, Nevena. Nevena, o máa ń bi mí lórí fóònù pé kí ni mo ń wá lọ sí ilé ìkàwé lójoojúmọ́, nígbà tí n kò fẹ́ràn ìwé. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú, ilé dákẹ́ jù. Bí mo bá wọ ilé kọfí, wọ́n á bi mí pé kí ni mo fẹ́ mu. Bí mo bá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n á bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Tsvetana kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó síbi tó móoru." Mo ti jókòó síbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

2. Ewúrẹ́ mi, Sultana, mo fi í fún Metodi Gergov, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́ta gbáko ni a fi bá ara wa jà nítorí àga kan tó móoru jù lọ nínú ilé ìkàwé. Nígbà tó yá, àwa méjèèjì ń dúró nínú yìnyín láti aago méje, kí ẹnì kejì má baà kọ́kọ́ wọlé. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn.

3. Mo jẹ́wọ́ pé Sultana jẹ ìwé kan. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ìlú, ó ní àwọn máa ti ilé ìkàwé pa, torí pé jíjókòó là ń jókòó, a kì í yá ìwé. Ẹ̀rù bà mí. Metodi ló dìde: "Màmá Nevena, ẹ fi àga yẹn sílẹ̀ ná. Ìwé là ń lọ yá." A gbé ọmọlanke wá. Mo yá ìwé nípa iṣẹ́ abẹ fún ẹṣin; Metodi yá ti àwọn aláboyún, ẹ̀ẹ̀mejì. Gbogbo àdúgbò tẹ̀ lé wa. Nígbà tí ọ̀gá náà padà dé, pẹpẹ ìwé ti ṣófo. Ó ní ìwé dà. Tsvetana ní, "Àwọn ará ìlú ń kà wọ́n lọ́wọ́." Wọn kò tì í pa mọ́. Nínú gbogbo wa, Sultana nìkan ló parí tirẹ̀.

4. Ilé tí mo ń gbé, mo fi í fún ilé ìkàwé, kí wọ́n fi gba èèyàn sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n fi í sílẹ̀, àfi tó bá ń hanrun.

5. Metodi ní kí n fẹ́ òun. Mo kọ̀, torí bí a bá di tọkọtaya, ilé la ó máa jókòó sí. Kó má rò pé n kò fẹ́ràn òun.

Mo fọwọ́ sí i nínú ilé ìkàwé, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, ọdún 2019.

Rayna D. Kutsarova

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Haralampi Yotov, onígbàjámọ̀
Paraskeva Dineva, tó kàn jókòó síbẹ̀