Ààrò Tó Ku Méjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Èmi ni mo kọ ọjọ́ yẹn lókè. Kò sẹ́ni tó bá mi wò ó. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin!

Tíṣà wa ní kíláàsì àwọn àgbà, tí a ń pè ní Olójú Mẹ́rin nítorí awò ojú rẹ̀, ń kọ́ wa nípa àwọn orílẹ̀-èdè. Ó ní bí ọ̀kan bá lágbára jù, àwọn kéékèèké á para pọ̀, kó má baà gbé wọn mì. Ó ya òṣùwọ̀n sójú pátákó, apá méjì dọ́gba. Mo nawọ́. Mo ní, "Tíṣà, méjì kì í dúró. Ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù." Bàbá bíríkìlà tó jókòó lẹ́yìn mi ní, "Ẹ dìde fún Màmá, wọ́n ti gba àga Tíṣà!" Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kí n kọ ọ́ wá, kí n kà á lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Orílẹ̀-èdè wo ni mo mọ̀? Ilé wa ni mo mọ̀. Obìnrin mẹ́ta, yàrá kan. Ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀gágun — ọwọ́ líle, ohùn líle. Èmi. Àbúrò wa, Tíńtín. Bí Ọ̀gágun bá gbẹ́sẹ̀ lé dígí, èmi àti Tíńtín á para pọ̀ kò ó lójú. Bí Tíńtín bá wá ń ṣe fáàrí, mo tún ti sá padà sẹ́yìn Ọ̀gágun. Ìyá wa a ní, "Ìwọ yìí, ti ta lò ń ṣe gan-an?" Ti ẹni tó bá ń sunkún ni. Kò sẹ́ni tó jọba ní yàrá yẹn. Áà, ayé dùn nígbà náà.

Ọjọ́rú

Tíńtín kú, ó di ọdún mẹ́fà. Ọ̀gágun nìkan ló pín aṣọ rẹ̀, kò bi mí. Mo sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Kò sí ẹnì kẹta tó máa bọ́ sáàárín. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. A ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo kà á tán. Ohùn mi ò gbọ̀n. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní, "Màmá, ṣé Ọ̀gágun ti gbọ́ èyí?" Mo ní kò mọ̀wé. Ó ní, "Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo lọ sílé Ọ̀gágun. Ẹnu ọ̀nà ni mo kúnlẹ̀ sí, mo sì ń kà á níbẹ̀ kí àyà mi tó já. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbẹ. Mo dé ibi tí mo ti pè é ní orílẹ̀-èdè ńlá tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó bú sẹ́kún.

Ó ní, "Ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó bẹ̀rù mi. Àwọn ará ilé kàn ń bu oúnjẹ fún mi."