Àga Tí Mo Gbé Lọ sí Ìpàdé

Ọmọ mi,

Oúnjẹ rẹ wà lórí sítóòfù. Mo ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ àwọn tó ni fúláàtì.

Alága wọn kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀. Ó ní, “Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ohun tá a bá fẹnu kò sí, a máa sọ fún yín.”

Mo ní, “A kì í fárí lẹ́yìn olórí, sà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n yín la jọ ra fúláàtì yìí. Ikú rẹ̀ ò sọ mí di ayálégbé.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní onílé kan, àga kan ni, àti pé wọ́n ti gbé ti bàbá rẹ kúrò.

Nítorí náà, bí o bá rí i pé àga kan dín nídìí tábìlì ìjẹun, olè kò jà wá, èmi ni mo gbé e lọ. Bí mo bá jókòó sílé lónìí, a ò lẹ́nu nínú ilé yìí mọ́ nìyẹn. Ohùn mi lè máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo máa sọ̀rọ̀.

Àga náà wúwo. Bí o bá tètè dé, wá bá mi gbé e gòkè. Má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ